Sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìtòkú: n kò ra ìwé ẹ̀rí yìí

Ìyá mi,

Mo kí yín o. Àrẹ̀dú o.

Láti ọjọ́ Àìkú tí mo ti gbé ìwé ẹ̀rí mi wá hàn yín ni ìbéèrè yín kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ yí i síwá, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé o rà á? N kò rí ọjọ́ kan tí o gbé báàgì lọ sílé ẹ̀kọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ n kò lè dá yín lẹ́bi, nítorí ẹ̀yin ni ẹ san owó tí mo fi kọ́ṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé ayédèrú ìwé pọ̀ nígboro. Gbangba ni mo ti fẹ́ dá yín lóhùn, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ní Abẹ́òkúta lè bá wa gbọ́ ọ.

Òótọ́ ni pé n kò lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìwé tí wọ́n ń pè ní NSQ yìí, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ọ́ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ti Nàìjíríà, tí NBTE, àjọ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná, ń bójú tó, pín sí ipele ìpele, ipele 2 sì ni tèmi. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yẹ ènìyàn wò. Aṣàyẹ̀wò ni ó ń wá bá mi ní ilé ìlagi wa ní Ọbáńtokò, tí yóò dúró tì mí bí mo ti ń la pákó oníbàárà, tí yóò sì máa bi mí ní ìdí ohun tí mo ń ṣe. Kò sí máàkì níbẹ̀: "ó ti tó" tàbí "kò tíì tó" ni wọ́n ń kọ. Ẹlòmíràn yóò tún wá yẹ iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò náà wò, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́.

Ìyá mi, "kò tíì tó" ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi. Ọdún 11 ni mo ti lò nídìí ẹ̀rọ nígbà náà, ọ̀gá mi sì ti ń wí pé mo ti tó gbangba á sùn lọ́yẹ́. Pákó àfàrà ni mo ń là lọ́jọ́ náà. Aṣàyẹ̀wò ní kí n pa ẹ̀rọ, ó dúró títí ayùn róbótó inú rẹ̀ fi dákẹ́ pátápátá, ó sì bi mí pé níbo ni irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà lẹ́yìn ayùn wà. Mo ní a ti yọ ọ́, nítorí pé ó máa ń dí wa lọ́wọ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bí ayùn bá ti la igi kọjá, igi tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀ lè tún pa ẹnu dé, kí ó di ayùn mú lẹ́yìn, níbi tí eyín ayùn ti ń dìde bọ̀ wá sókè, kí ayùn sì ju pákó náà padà sára ẹni tó ń tì í. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnu igi pa dé. Kò gbọdọ̀ nípọn ju ojú ibi tí ayùn là lọ, kò sì gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju ara ayùn fúnra rẹ̀ lọ.

N kò lè fọhùn. Ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi tí pákó ìrókò ta padà bá níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, tí ìka méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa nígbà náà ní àìfarabalẹ̀ ni, àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni, àwa yòókù sì gbàdúrà kí a tó tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Inú agolo ìṣó lábẹ́ tábìlì ni irin yẹn wà. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ síbẹ̀, nítorí pé wọ́n ní kí n sọ ọ́ síbẹ̀.

Mo mọ àwọn nǹkan mìíràn tí ó bi mí. Mo mọ̀ pé òkúta a máa wà nínú ìrókò, tí yóò ba eyín ayùn jẹ́ lójijì, mo sì mọ bí a ti ń fetí sí ìró ẹ̀rọ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ti eruku ni n kò mọ̀. Láti ọdún 1995 ni àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà, pàápàá nínú imú, áńkáṣíìfù lásán ni mo sì ń so mọ́nu ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Bí ẹ ti ń ṣe sí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ yín ni aṣàyẹ̀wò náà ṣe sí mi. Ẹ kì í fún wọn ní òmìnira nítorí pé aṣọ wọn dúdú. Ẹ ó bi wọ́n pé kí ló dé tí a fi ń fa aṣọ yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí a tó tún un rì, ẹni tí kò bá sì lè fèsì yóò padà sídìí ìkòkò. Oṣù mẹ́ta ni èmi náà fi padà sídìí ẹ̀rọ.

Màá gbé fáìlì mi wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Fọ́tò wà nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìwọ̀n pákó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi kọ nípa mi náà wà níbẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n kọ "kò tíì tó" sí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kà. N kò yọ ọ́ kúrò.

Èmi ni, ọmọ yín.