Kí ni adájọ́ ń bi olùjẹ́jọ́ sí, tí kò bá lè lo ìdáhùn rẹ̀?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka lẹ́tà tí olùkàwé yín kan kọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn adigunjalè. Ó ní ikú ni kí ìjọba máa fi san án fún gbogbo wọn, kí adájọ́ kankan má sì lẹ́nu láti yí i padà. Ó yé mi pé inú ń bí i. Wọ́n ti já ilé àbúrò ìyá mi wọ̀ lóru rí, wọ́n sì fi ìdí ìbọn gbá a lórí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe ní ilé ẹjọ́ gíga títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹnu mi ni ẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn gbà dé etí adájọ́, mo sì mọ ibi tí àwọn ẹ̀bẹ̀ náà parí sí.

Òfin tí a fi ń mú adigunjalè, ìjọba ológun ló ṣe é. Ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn ẹgbẹ́ mi á rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Bar Beach l'Ékòó, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn dúró wò ó. Ti ọdún 1984 ni èyí tí a ń lò báyìí. Ẹni tó bá fipá jalè láìmú ohun ìjà dání, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ lọ, ikú ni. Kì í sì í ṣe ìbọn nìkan ni òfin náà kà sí ohun ìjà o. Ó dárúkọ àdá, ó dárúkọ kùmọ̀, títí kan igi àti òkúta tí èèyàn lè fi ṣeni léṣe.

Nígbà tí adájọ́ bá ti sọ pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, á bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ kí òun tó dájọ́. Alokútọ́sì ni àwọn lọ́yà ń pè é. Mo rántí àwọn mẹ́rin kan tí wọ́n jọ kó wá. Ọ̀gá wọn ló mú ìbọn, òun náà ló ṣe onílé léṣe. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn, ọ̀kadà ló ń gùn. Òun ló gbé wọn dé ojúlé náà, tó dúró dè wọ́n níta. Ó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ẹ̀rí fi hàn bẹ́ẹ̀, n kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, òun ló mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n rí ìbọn náà sí. Nígbà tí adájọ́ ní kó sọ̀rọ̀, ó ní, “Olúwa mi, ẹ dákun, n kò wọlé, n kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni ìyá mi bí.” Mo gbé e kalẹ̀ fún adájọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun ṣùgbọ́n òfin ti de òun lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n yẹgi fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ọ̀gá wọn gbà ni ọmọ yìí gbà.

Adájọ́ kan náà yìí, tí wọ́n bá gbé ẹni tó jí fóònù wá síwájú rẹ̀, á béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, á béèrè bóyá ó ti dáràn rí, bóyá ó ti dá ẹrù padà, á sì ka iye oṣù tó ti lò ní àtìmọ́lé mọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 pàápàá sọ pé kí adájọ́ wádìí irú ẹni tí èèyàn ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó fìyà jẹ ẹ́. Ìyẹn ni pé olè fóònù ń rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ kò rí. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó gbọ́ tọ̀tún tòsì, tó sì dájọ́ bíi pé òun kò gbọ́, kí la ó pe ìyẹn?

Ẹ̀yin náà rántí ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹjọ́ adìyẹ, torí wọ́n ní nítorí adìyẹ ni wọ́n ṣe dá ikú fún ọmọkùnrin kan. Ọdún 2010 ni wọ́n mú ọmọkùnrin yẹn àti ẹnìkejì rẹ̀, ọdún 2014 ni wọ́n dá ikú fún wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n mú un. Àwọn tó mọ ìwé ẹjọ́ náà sì ní ìdigunjalè ni ẹ̀sùn wọn, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìyẹ lásán. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn òbí yẹn sunkún lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà tó ta síta, tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì fi àánú dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Mo kí gómìnà. Ṣùgbọ́n mélòó ló ní òbí tí ẹkún rẹ̀ á kárí ayé? Ọmọ ọlọ́kadà tí mo sọ yẹn, ìyá rẹ̀ kò ní fóònù tó lè gba fídíò.

Olùkàwé yín bẹ̀rù pé bí a bá fún adájọ́ láàyè, olówó ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Àbújá lọ́dún 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ̀bi jíjí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, bílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀. Adájọ́ ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 2 tàbí kó san 750,000 náírà. Ó sanwó. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ẹni tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì ni èmi náà. Ṣùgbọ́n EFCC pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, nígbà tó sì di ọdún 2018, ilé ẹjọ́ náà sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 6. Bí adájọ́ bá ṣàánú ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tí a ti lè tún un ṣe wà. Ikú tí òfin fi dandan lé, bí ẹ̀rí bá ti dúró, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pàápàá kò lè dín in kù.

N kò ní kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ ikú. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Uganda lọ́dún 2009, àti ti Kenya lọ́dún 2017, kò fagi lé e. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin kò gbọdọ̀ fi dandan lé e kí adájọ́ tó gbọ́ ti olùjẹ́jọ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún ni àwọn náà jogún.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn aṣòfin wa, ti Àbújá àti ti ìpínlẹ̀, pé kí wọ́n sọ ikú di òpin ibi tí ìjìyà lè dé, kó má jẹ́ òun nìkan ló wà. Kí adájọ́ máa kọ ìdí tó fi mú èyí tó mú sílẹ̀, kí ìjọba àti olùjẹ́jọ́ lè gbé e lọ sókè. Àwọn tó sì ti wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú báyìí, kí wọ́n dá wọn padà sí kóòtù fún ọ̀rọ̀ ìjìyà nìkan, bí Uganda ṣe ṣe fún àwọn tiwọn.

Èmi ni tiyín,
Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.