Lẹ́tà sí Dádì Oǹdó, lórí ọlẹ̀ àti ṣúgà ọmọ mi

Dádì Oǹdó,

Ẹ kú ilé o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹbí, mo sì tún un gbọ́ nígbà tí ọmọ ti sùn. Ẹ ní inú oyún tí wọ́n ṣẹ́ ni àwọn òyìnbó ti ń fa oògùn ṣúgà tuntun jáde. Ẹ ní kí n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé mi ò ní gbà á fún ọmọ mi láéláé, pé ó sàn kó máa gún abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Gbogbo ẹbí ti gbọ́ tiyín, àwọn tí kì í ṣe ẹbí náà ti gbọ́, torí wọ́n ti ń pín in kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tèmi síta. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, sà, ẹ má kà á sí àfojúdi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú irọ́ kúrò níbẹ̀. Oyún ṣíṣẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tọkọtaya tó bá gba ọ̀nà IVF, wọ́n á da ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ nínú àwo ní ilé ìwòsàn. Ohun tó bá jáde, tí a ń pè ní ọlẹ̀ (oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀), lè pọ̀. Wọ́n á gbé ọ̀kan tàbí méjì sínú ìyá, wọ́n á sì fi ìyókù sínú òtútù. Ní ọjọ́ karùn-ún, sẹ́ẹ̀lì (àwọn ẹyọ tíntìntín tí a fi kọ́ ara) bíi 100 sí 200 péré ló wà nínú ọlẹ̀ kan. Kò ní ọkàn, kò ní ẹ̀jẹ̀, orí pínnì sì tóbi jù ú lọ dáadáa. Irú ọlẹ̀ yìí ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ James Thomson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, gbà lọ́wọ́ àwọn tọkọtaya tí kò lò ó mọ́. Ní 1998 wọ́n kéde pé àwọn ti yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, àwọn sì ti mú un dàgbà nínú àwo. Stem cell tí gbogbo ayé ń pariwo nìyẹn. Kò tíì yan iṣẹ́: ó lè di sẹ́ẹ̀lì ọkàn, ó lè di ti ọpọlọ, ó lè di èyí tó ń ṣe ínsúlínì, ohun tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó sì máa ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Àwọn tí Thomson yọ nígbà náà, wọ́n ṣì ń lò wọ́n dòní, nítorí náà kò sí pé ọlẹ̀ kan ń lọ fún aláìsàn kan.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọlẹ̀ yẹn kò lè di ọmọ mọ́. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ mọ bí a ṣe ń gbé ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ yín ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, abẹ́rẹ́ mẹ́rin lójúmọ́, kó tó jẹun a ó gún un níka. Bí iná bá lọ, inú ìkòkò amọ̀ tí a fi omi yí ká ni ínsúlínì ń sùn. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì. Àdídùn kọ́ ló fà á, ayé kọ́ ló sì ṣe é, ohun yòówù kí àwọn aládùúrà máa sọ. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé iṣẹ́ oògùn Vertex ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde tiwọn jáde. Wọ́n ti tọ́ stem cell ọlẹ̀ títí ó fi di irú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ mi pàdánù, wọ́n sì dà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ ẹ̀dọ̀. Nínú àwọn 12 tó gba ìwọ̀n kíkún, 10 ni kò gún ínsúlínì mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Àga ilé ìwòsàn ni mo jókòó lé nígbà tí mo ka ìlà yẹn. Mo dìde, mo tún jókòó.

Orí mi ò dàrú o. Ẹni tó bá gba sẹ́ẹ̀lì yìí gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń rọ agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara á tún pa á. Àwọn 14 ni ìròyìn yẹn ká mọ́, méjì nínú wọn kú: kòkòrò àìsàn wọ awọ ọpọlọ ẹnì kan, ọpọlọ tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀ ló pa ẹnì kejì. Àgbàlagbà tí ṣúgà wọn máa ń já lulẹ̀ lójijì débi ewu ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́la lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ rí i pé mo lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ yín lónìí, kò sì ní ná mi ní kọ́bọ̀. Ìdí tí ẹ fún mi ni mi ò gbà.

Ẹ ní ènìyàn ni ọlẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ìbejì ni ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ìbejì tó jọra débi pé ìyá wọn ń ṣì wọ́n pè, ọlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kí wọ́n tó pín, ó sì lè tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pín. (Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì tiwa kì í ṣe irú yẹn, ẹyin méjì ni.) Bí ẹnì kan bá ti wà nínú ọlẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, Táíwò ni àbí Kẹ́hìndé? Orí ta ló ti yàn? Ìgbìmọ̀ tí Mary Warnock darí ní Ìlú Ọba wo irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1984 kí wọ́n tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọlẹ̀ nínú àwo kọjá ọjọ́ 14, òfin wọn ti 1990 sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò ní mú ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ wá, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, pé ohun tí kò tíì lórúkọ kò tíì jẹ́ ọmọ. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìyá tí tirẹ̀ kú ní ọjọ́ kẹta.

Èrò tèmi ni pé ọlẹ̀ ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ, síbẹ̀ kò tíì jẹ́ ohun tí ọmọ mi jẹ́. Mo lè gbà kí wọ́n lo èyí tí àwọn òbí rẹ̀ fínnúfíndọ̀ fi sílẹ̀, tó jẹ́ pé dídànù ló kù fún un. Mi ò lè gbà kí wọ́n máa ra ẹyin lọ́wọ́ ẹni tí ìyà ń jẹ. Ní Kòríà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Hwang Woo-suk lo ẹyin àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, irọ́ sì ni àbájáde stem cell tó fi dá gbogbo ayé lára yá. Wọ́n fagi lé e ní 2006. Irú ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí àwọn ọmọbìnrin wa ti ń ta ẹyin fún ilé ìwòsàn IVF, owó iléèwé ló sì ń lé àwọn mìíràn débẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi ohùn ránṣẹ́ lórí tiwọn.

Dádì, ẹ rántí ìdúpẹ́ ìbejì tí a jọ lọ ní Oǹdó. Ìyá wọn fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí níwájú pẹpẹ pé IVF ni. Ẹ̀yin lẹ síwájú ijó. Ta ló béèrè ìyókù? Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ìyókù kò pọ̀: kí wọ́n máa sanwó òtútù lọ́dọọdún, kí wọ́n fún àwọn mìíràn, tàbí kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n dà á nù. Bí ènìyàn ni wọ́n lóòótọ́, inú ìjọ wa ló yẹ kí ọ̀fọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé Wisconsin. Àwọn Àgùdà ò yí ohùn padà ní tiwọn: láti 1987 ni Róòmù ti kọ̀wé pé IVF fúnra rẹ̀ kò dára. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ mo mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Tiyín ni mi ò mọ̀. Ẹ ò lè jó fún ọlẹ̀ tó di ọmọ, kí ẹ gbójú kúrò lára èyí tí wọ́n dà nù, kí ẹ wá pe èyí tí wọ́n fi wá ìwòsàn ní ìpànìyàn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ ó fẹ́. Ní 2006, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Shinya Yamanaka ní Kyoto, ní Japan, fi jíìnì (àbùdá) mẹ́rin sọ sẹ́ẹ̀lì awọ eku di ohun tó ń ṣe bíi ti ọlẹ̀; lọ́dún kejì ó ṣe é pẹ̀lú ti ènìyàn, wọ́n sì fún òun àti John Gurdon ní ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Ní 2024, àwọn dókítà ní Tianjin, ní Ṣáínà, ròyìn obìnrin kan tó ní irú ṣúgà yìí, tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì ínsúlínì fún un. Ọjọ́ 75 lẹ́yìn náà kò nílò ínsúlínì mọ́. (Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹni tó ń lo oògùn tó ń rọ ara, nítorí náà a ò tíì mọ̀ bóyá ara fúnra rẹ̀ á gbà á.) Bí ọ̀nà méjèèjì bá dé Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ bákan náà, ti Yamanaka ni màá mú, ẹ ó sì gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n láti ara stem cell ọlẹ̀ ni òun náà ti mọ ohun tó ń wá.

Ní Nàìjíríà, ẹ fọkàn balẹ̀. Apá 50 nínú Òfin Ìlera ti 2014 ti ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àbùdá ọlẹ̀ tàbí kó ṣe ẹ̀dà ènìyàn. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán, kò sí owó ìtanràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ni páálí méjì tí ẹ fi ránṣẹ́. Obìnrin tó fi ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ kọ́ yín, òun náà ló tà á fún yín: "stem cell" láti ara èso ápù, pò ó mọ́ omi, ó ń wo ṣúgà, rọpárọsẹ̀ àti fóníkú-fọ̀ladìde. Stem cell ápù, sà! Sẹ́ẹ̀lì igi ò lè di ohunkóhun nínú ènìyàn, ikùn á dà á bí oúnjẹ ni. Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ọmọ dá abẹ́rẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí oògùn lè ráyè ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ní irú ṣúgà yìí, bí kò bá rí ínsúlínì fún ọjọ́ mélòó kan, ikú ni.

Mo ti fi páálí méjèèjì lé awakọ̀ lọ́wọ́, yóò dé gáréèjì Oǹdó lọ́la kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ dá a padà fún obìnrin yẹn, kí ẹ sì gba owó yín. Bó bá fún yín, sà, bébà tí a fi ń wọn ṣúgà ti fẹ́ tán nílé.

Èmi ni,
ọmọ yín ní Àkúrẹ́.