Apá kámẹ́rà tí mo rà lọ́wọ́ yín ń fi kún gbígbọ̀n ni

Kubwa, Àbújá

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Yorùbá la fi dúnàádúrà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Wuse, òun náà ni mo fi kọ ẹ̀sùn yìí.

₦1,850,000 ni mo san lórí apá kámẹ́rà, ọ̀pá tí a fi ń gbé kámẹ́rà sókè, tó gùn tó mítà 8. Ohun tó mú mi rà á ni pé ẹ ní ó ń pẹ̀tù sí gbígbọ̀n ara rẹ̀: sẹ́ńsọ̀ tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ á mọ ìgbà tó bá ń mì, ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nídìí á sì máa tì í ní òdìkejì títí á fi rọlẹ̀. Tí mo bá nà án dé mítà 3, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa, mo nà án tán, mo gbé e sókè bí ìyàwó ṣe ń jó wọlé. Bí mo ṣe dá a dúró ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní á rọlẹ̀, àfi bó ṣe ń le sí i, tí kámẹ́rà ń fì síwá sẹ́yìn lókè orí àwọn èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ mi ló sáré pa ẹ̀rọ náà. Ijó ìwọlé yẹn ò ṣe é wò rárá. Ojoojúmọ́ ni ìyá ìyàwó ń pè mí, ojú sì ń tì mí.

Onímọ̀-ẹ̀rọ yín ní ọyẹ́ ló fà á. Ọyẹ́ wo ló ń fẹ́ nínú gbọ̀ngàn? Ó tún ní ohun tó bá gùn gbọ́dọ̀ gbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè pẹ̀tù sí i. Sà, láti 1989 ni wọ́n ti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ilé alájà 11 kan ní Tokyo, tó ń dín mímì rẹ̀ kù tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Mo dán an wò nílé. Mo pa ẹ̀rọ, mo fi ìka ta ṣóńṣó apá náà: ó mì fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ó dákẹ́. Mo tan ẹ̀rọ, mo ta á bákan náà, ló bá ń le sí i. Ṣé ẹ rí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangilọ́fà? Tó bá tì í nígbà tó ń bọ̀ wá, á rọlẹ̀. Tó bá tì í nígbà tó ń lọ, á fò sókè. Apá gígùn kì í yára fì bíi ti kúkúrú. Ètò tó ń sọ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì á tì í, ti apá kúkúrú lẹ fi síbẹ̀, ni títì rẹ̀ bá ń bọ́ sí àkókò òdì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹni tó mọ ètò náà tún ṣe sí mi, kì í ṣe ẹni tó máa kàn yẹ bátìrì wò. Kó tún un ṣe lójú mi, ní mítà 8, kí kámẹ́rà mi wà lórí rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ dá owó mi padà.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ayafídíò, Kubwa