Methane Tó Ń Bá Omi Ẹ̀gbin Sá Lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó létí. Nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, níbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ omi náà ti ń jẹrà, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 gáàsì tó ń jáde ló jẹ́ methane, wọ́n sì ń gbà á pamọ́ láti fi dáná. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ti yòrò sínú omi, bí omi yẹn bá sì ti dé gbangba, gáàsì á bọ́ sójú òfuurufú láìsí ẹni tó kíyè sí i. Láàárín 100 ọdún, methane ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 carbon dioxide.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ gáàsì yìí ń gbé nínú irú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1906 ni Söhngen, onímọ̀ ará Netherlands, ti ṣàpèjúwe bakitéríà tó ń fi methane ṣe oúnjẹ, àmọ́ èyí kò lè ṣe é láìsí ọ́síjìn, bí ẹ bá sì fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sínú omi, gáàsì á ti sá jáde kí bakitéríà tó fẹnu kàn án. Èyí tí wọ́n sọ ní Methylomirabilis oxyfera ní 2010 ló wù mí jù. Ó ń fa ọ́síjìn tirẹ̀ yọ láti inú nitrite, ìyẹn èròjà tó ní náítírójìn àti ọ́síjìn nínú, ó ń fi jẹ methane, náítírójìn tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ló sì ń tú jáde. Nitrite yìí kan náà wà lára ohun tí ilé ìtọ́jú omi ń náwó lé kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ ń ra methanol, kẹ́míkà olómi kan, láti bọ́ bakitéríà mìíràn fún iṣẹ́ náà, nígbà tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ń bá omi lọ.

Mo ti fojú ara mi rí i nínú ìgò kan tí a dé pa: lójoojúmọ́ ni àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí nitrite ń fà sórí bébà àyẹ̀wò ń ṣá sí i, tí hóhó gáàsì kéékèèké sì ń gun òkè láàárín ṣíṣù gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

Ìdíwọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn bakitéríà yìí kì í yára bí sí i. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí iye wọn tó di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú omi ń da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ wọn nù kí àkókò yẹn tó pé. Ó yẹ kí wọ́n fi ike tí kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ sínú àgbá náà, kí omi máa ṣàn kọjá, kí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí má bá a lọ. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, mo bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n sọ ọ́ di dandan láti máa wọn methane tó yòrò sínú omi ní ẹnu ọ̀nà àbájáde gbogbo ilé ìtọ́jú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wọn nitrate, èròjà tó jọ nitrite.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́