Lẹ́tà sí Bàbá Ìbàdàn

Bàbá Ìbàdàn mi,

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn kóòtù, mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn gígùn. Tí a bá ti ń rojọ́ yípo, ẹ ó ní, "Ta ló ṣe é? Níbo? Kí ni adájọ́ wí?" Ẹ forí jì mí lónìí, tèmi yóò gùn díẹ̀.

Àwọn akunlé dé sílé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá kó àpótí onírin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Jọ́tà ló kún inú rẹ̀. Ṣọ́ọ́tíháàǹdì, ìkọ̀wé kíákíá tó jẹ́ ìlà àti àmì, ni gbogbo rẹ̀, ti Pitman tí ẹ fi ọlidé méjì kọ́ mi tí kò wọ̀ mí lórí. Ohun tí mo rántí kò ju pé ìlà tó bá tín-ín-rín ni "p", bó bá ki, ó di "b". Àti pé àmì fáwẹ́ẹ̀lì ni ọwọ́ tó ń sáré máa ń fò. Mo bi yín nígbà yẹn pé báwo lẹ ṣe wá ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ Yorùbá, níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti wà. Ẹ ní, "Ojú ẹni tó sọ ọ́ ni mo fi ń kà á."

Àmọ́ bí mo ṣe ń ṣí i, mo ń rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ jáde ní kíkún láàárín àwọn ìlà, àmì ohùn rẹ̀ pé: pérégún. Ẹgàn. Àkùrọ̀. Ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ oko. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi lọ sí Kóòtù Gíga ní Ring Road.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Adájọ́ ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, lọ́yà ń dúró wo gègé rẹ̀ kó tó tún la ẹnu. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Bàbá àgbẹ̀ kan wá bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó ní, "Pérégún tí bàbá mi gbìn ló pààlà àwa àti wọn." Ògbufọ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì: igi kan tí bàbá òun gbìn. Lọ́yà kejì rẹ́rìn-ín. Nínú igbó tí igi pọ̀ tó yẹn, báwo ni bàbá ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀? Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè náà padà, ojú bàbá dàrú. Ta ni kì í dá pérégún mọ̀ láàárín igi?

Akọ̀ròyìn kì í dá sí ẹjọ́. Ẹ kàn ń tẹ gègé mọ́ jọ́tà títí bébà fi ya.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kọ igi. Tiyín, tí wọ́n ń fi Yorùbá tẹ̀, kọ pérégún. Ẹ tún fi gbólóhùn kan kún un pé ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n ń gé rì mọ́ ààlà oko, tí yóò máa tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá yín ní gbólóhùn náà ti pọ̀ jù. Ẹ bá a fà á kó tó dúró.

Inú oko kòkó l'Ókè-Igbó lẹ ti dàgbà, àpá àdá tí ẹ fi ń la kòkó wà ní àtàǹpàkò òsì yín. Bàbá yín kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n eédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri: ìlà tín-ín-rín fún àpò kòkó, èyí tó ki fún gbèsè. Ẹ ní nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí Pitman, ẹ̀rín pa yín.

Ti kóòtù Mápó, níbi tí tọkọtaya ti ń tú ara wọn síta, ẹ kì í fẹ́ kí a bi yín. Ti Àgbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ lórí owó orí, 1968 sí 1969, lẹ kì í sọ tán. Oníwèé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́ pé ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn àgbẹ̀ láwọn ó san ní owó orí. Ẹ ní irọ́ kọ́, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san" ló wà lẹ́nu wọn. Ẹgbàáwàá owó ẹyọ ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan, ẹnu àwọn bàbá wọn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Àwọn akunlé fẹ́ da jọ́tà náà nù. Ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Màmá kan ní Mọ́líété tó ti ṣe akọ̀wé rí ní òun ṣì lè ka Pitman, pé kí n kó o wá ní Sátidé. Ó ní òun ò mọ orúkọ igi kankan o. Mo ní kó sáà máa ka ìlà, èmi ni n ó máa wá igi.

Ọmọ àbúrò yín