Ẹ fi ẹnì kan kún ẹ̀yìn fún Ekong

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjà Ọwọ́dé ní Ọ̀ffà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ní oṣù Kẹsàn-án 2025, nínú ìsọ̀ tí mo ti ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà láti ọdún 2006. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí wọ́n yọ William Troost-Ekong, balógun tó ń gbá sẹ́ńtà-báàkì (ẹni tó ń dí àárín ẹ̀yìn níwájú góòlù), kúrò nínú ikọ̀ Super Eagles kíákíá, pé kì í ṣe ẹni tó ṣeé gbọ́kàn lé. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá lè fún mi láàyè.

Èmi náà wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 2025, ni a lọ bá South Africa gbá ní Bloemfontein, nínú ìdíje láti yege fún World Cup 2026. Mo ti ti ìsọ̀ kí agogo márùn-ún tó lù, mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọjà. Victor Osimhen kò sí níbẹ̀, ó ti fara pa nígbà tí a bá Rwanda gbá ní Uyo, nítorí náà ọkàn wa kò tiẹ̀ balẹ̀ láti ilé. Ní ìṣẹ́jú 25, bọ́ọ̀lù kan ti ẹ̀gbẹ́ wá, ara Ekong ló bà, ó di inú àwọ̀n wa. Gbogbo ilé dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ọmọ tó ń ṣe mẹkáníìkì ní ọ̀kánkán ìsọ̀ mi bọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ó jù ú sílẹ̀, ó ní òun kò wọ̀ ọ́ mọ́ àfi tí Ekong bá kúrò. Nígbà tí Calvin Bassey fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 44, ọmọ yìí kan náà ló fò mọ́ mi lọ́rùn láìwọ ẹ̀wù. Ọ̀mì 1-1 ló parí sí. Àríyànjiyàn kò parí ní tiẹ̀. Wọ́n pe ìrun Iṣáì, a kírun tán, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn kò lóǹkà. Ó ti pé ọdún 32 ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yìí. Al-Kholood ní Saudi Arabia ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ibẹ̀ ti rọ̀ ọ́ lára. Ẹnì kan gbé Kaliningrad jáde, World Cup 2018, nígbà tí Ekong dì mọ́ Mario Mandzukic ti Croatia níbi kọ́nà bí ìgbà tí àwa ará Ọ̀ffà bá ń ja ìjàkadì, tí rẹfirí fọn fèrè, tí Luka Modric sì gbá pẹnáritì wọlé. Ẹlòmíràn gbé Cairo jáde, ife Áfíríkà 2019, nígbà tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa tí Algeria fi ẹyọ kan jù wá lọ nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ká dé àṣekágbá.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Algeria? Ekong yìí ni. Ìṣẹ́jú 89 ló gbá góòlù tí a fi na South Africa 2-1, Ọjọ́rú, ọjọ́ 10 oṣù Keje. Ti Algeria ṣẹlẹ̀ ní Àìkú, ọjọ́ 14. Ẹni tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú ní Àìkú.

Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Èmi náà gbá sẹ́ńtà-báàkì. Ọdún 1985 ni, ọdún tí àwọn ọmọdé wa lọ gba ife àgbáyé ní China, tí gbogbo ọmọkùnrin fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù. Ilé ẹ̀kọ́ wa lọ bá ilé ẹ̀kọ́ kan gbá ní Ìjàgbó. Òjò ti rọ̀, pápá ń yọ̀. Mo ti fi orí lé bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu góòlù wa lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, báàkì wa ti ọwọ́ ọ̀tún sá lọ síwájú, òun náà fẹ́ gbá góòlù. Wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà, àwọn méjì sì já lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nasẹ̀, bọ́ọ̀lù kan orúnkún mi, ó wọlé wa. Nígbà tí a fẹ́ padà sílé, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ nínú pikọ́ọ̀pù tó gbé wa wá. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ìjàgbó dé Ọ̀ffà, mo fi bàtà bọ́ọ̀lù kọ́ ọrùn. Ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jì í, bu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún mi, kò béèrè iye tó parí sí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó béèrè pé ibo ni báàkì ọ̀tún wà lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí mo fi kó púlọ́ọ̀gì jáde lọ́jọ́ kejì tí mẹkáníìkì yẹn tún wá bá mi jà sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo to mẹ́rin sórí káńtà ní ìlà kan, mo ní àwọn báàkì wa rèé. Mo to mẹ́rin mìíràn síwájú wọn bí Éric Chelle, kọ́ọ̀ṣì wa, ṣe fẹ́ràn láti máa to àárín: ẹnì kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan níwájú, gbogbo wọn fún mọ́ra. Mo bi í pé ta ló wà ní etí pápá. Ó wò ó, ó ní kò sẹ́nì kankan. Mo ní ó dáa, àwọn báàkì ẹ̀gbẹ́ ló gbọ́dọ̀ sá lọ síbẹ̀ nìyẹn. Mo ti báàkì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwájú. Kí ló kù lẹ́yìn? Méjì péré, pẹ̀lú ilẹ̀ gbalasa lọ́tùn-ún lósì. Bassey lè sá ilẹ̀ yẹn dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ekong kò lè sá a dé, kò sì fìgbà kan lè sá a dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ti wà níbi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí kí bọ́ọ̀lù tó dé ibẹ̀, kó fi orí lé e, kó máa pariwo pe àwọn tó kù kí wọ́n tò dáadáa. Tí ẹ bá ní kó máa sáré kiri etí pápá, alágbẹ̀dẹ lẹ ní kó wá hun aṣọ òfì yẹn.

Ọmọ náà wo káńtà títí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ fi ẹyọ kan kún ẹ̀yìn."

Ohun tí José Peseiro, tó ń kọ́ wa nígbà náà, ṣe gan-an nìyẹn níbi ife Áfíríkà ní Ivory Coast, ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ẹni mẹ́rin ló tò sẹ́yìn nígbà àkọ́kọ́, a sì gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea. Ó yí i padà. Ó fi sẹ́ńtà-báàkì mẹ́ta síbẹ̀: Semi Ajayi, Bassey, àti Ekong láàárín wọn. A na Ivory Coast 1-0, pẹnáritì Ekong ni. A na Guinea-Bissau 1-0, Cameroon 2-0, Angola 1-0. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, wọn ò rí ilé wa wọ̀. South Africa ló wá rí i wọ̀, pẹnáritì sì ni tiwọn náà. Ekong ti gbá tirẹ̀ wọlé kí tiwọn tó dé, ó tún gbá òmíràn wọlé nígbà tí wọ́n fi pẹnáritì yanjú rẹ̀. Ní àṣekágbá, orí rẹ̀ ló fi gbá góòlù wa ní ìṣẹ́jú 38 kí Ivory Coast tó yí i padà di 2-1. A ò gba ife, síbẹ̀ òun ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú ìdíje náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá lọ́dún yẹn ju bó ṣe wà báyìí lọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìrá kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n sin Rashidi Yekini sí ní 2012. Gbogbo wa la rántí bó ṣe di àwọ̀n mú ní Dallas ní 1994, tó ń ké, lẹ́yìn tó gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní World Cup sílé Bulgaria. Èmi sunkún lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ka iye èyí tó gbá síta láyé rẹ̀, kò sì yẹ ká kà á. Atamátàsé là ń pe àwọn aṣíwájú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tàsé, a sì ń dárí jì wọ́n. Joseph Yobo, tó jẹ́ báàkì bíi ti Ekong, ló ṣe balógun ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní 2013. Ó gbá fún Nàìjíríà nígbà 101. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ara rẹ̀ wọlé wa níwájú France ní Brasília ní 2014, etí mi gbọ́ ohun tí wọ́n pè é lójú títì Ọ̀ffà, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà òǹkàwé yín ni ibi tó ti pe Ekong ní òyìnbó tí ọ̀rọ̀ wa kò kàn. Haarlem ní Netherlands ni wọ́n ti bí i lóòótọ́, ọmọ ibẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ilé bàbá ẹni la sì ń jẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti àwọn ọmọ wa mọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Libya ní oṣù Kẹwàá 2024, láìsí oúnjẹ, fún ohun tó lé ní wákàtí 16, Ekong gẹ́gẹ́ bí balógun ló sọ fún gbogbo ayé pé àwọn kò ní bá Libya gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́. Kí òǹkàwé yín sọ fún mi bóyá ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kò kàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé kó máa gbá títí ayé. Lẹ́yìn ọ̀mì Bloemfontein ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àmì 11 la ní, Benin ní 14, South Africa ní 17, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ló sì kù wá, Lesotho àti Benin. Gernot Rohr ló ń kọ́ Benin. Òun ló kọ́ wa láti 2016 sí 2021, òun ló fi Ekong sẹ́yìn ní Rọ́ṣíà àti ní Cairo, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí a bá tún fi ẹni méjì péré síbẹ̀, ẹ̀yìn Ekong gan-an ni yóò rán àwọn tó yára nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Mo bẹ Chelle kó fi Ajayi tàbí Benjamin Fredrick kún wọn, kí Ekong wà láàárín. Bó bá sì ní òun kò ní yí ìlànà òun padà, kí Ekong jókòó, kí Fredrick wọlé. Kò ní dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n màá gbà, nítorí kí wọ́n tún fi í sílẹ̀ lóun nìkan nínú ilẹ̀ gbalasa yẹn burú ju kó jókòó lọ. Àmọ́ bó bá wà lórí pápá tí a sì rí pẹnáritì, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Ọjà Ọwọ́dé, Ọ̀ffà.