Ìkéde fún Ẹgbẹ́ Ìyá: Ìpàdé Àdúrà Pẹ̀lú Àwọn Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀

A ń fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa pé ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, yóò jẹ́ ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láàárín wa lọ́dún yìí. Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni a ó gbé yẹ̀ wò, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí òun àti ìyá rẹ̀ sì pínyà, tí wọn kò tún fojú kan ara wọn títí wọ́n fi pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà.

Kì í ṣe gbogbo wa ni a ó tún rí ẹni wa láyé yìí, a mọ̀. Ṣùgbọ́n àjíǹde Jésù, ẹni tí òun pàápàá sunkún nítorí Lásárù, fi dá wa lójú pé ìpínyà náà lópin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún opó pé kó má sunkún. Ẹ mú ìwé orin yín dání. Aṣọ dúdú kò pọn dandan. Ẹni tí kò bá lágbára láti jáde, kí ó ránṣẹ́ sí wa, a ó wá kọrin nílé rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́